Ẹni Keje

"Ṣé ìdí ààrò lo ti kọ́ṣẹ́ ni?" Olùdánwò fìka ta alumíníọ̀mù tí ẹni keje tó ń wá iṣẹ́ wẹ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ jó pọ̀. Ojú ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì lu bí ajere.

"Ọ̀gá, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun fọ̀ ọ́, mo sì yí máṣíìnì síbi tí ẹ ní kí n yí i sí."

"Òpè kì í wá àwáwí tì. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Olùdánwò jó tirẹ̀. Ó tún dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni keje tọpa rọ́bà máṣíìnì dé ìdí sílíńdà gáàsì. "Ọ̀gá, gáàsì tí wọ́n fi ń jó irin nìyí, kì í ṣe ti alumíníọ̀mù. Ta ló so ó?"

Olùdánwò bẹ̀rẹ̀ wo sílíńdà náà. Òun ló so ó láàárọ̀. Nínú garawa ìdọ̀tí, alumíníọ̀mù dúdú mẹ́fà wà níbẹ̀. Àwọn tó jó wọn ti relé.