Mọ́tò Tó Rò Pé Òtútù Ń Pa Òun

Mẹkáníìkì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó so mọ́ mọ́tò náà, èéfín dúdú ń tú yàà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró lápá ọ̀tún, àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró lápá òsì, wọn ò sì wo ojú ara wọn.

"Ẹni kẹta tó fẹ́ rà á tún sá lọ lánàá," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹ bá mi sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀."

"N ò ní sọ ọ́ kalẹ̀," ni mẹkáníìkì dáhùn. "Ẹ́ńjìnnì yìí gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru rẹ̀ ní ó tutù ju yìnyín lọ. Mọ́tò rò pé òtútù ń pa òun, ló ṣe ń mu epo bí ọ̀mùtí."

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà sẹ́ńsọ̀ náà jáde. Ojú ibi tó ti gé tẹ́jú, bí ìgbà téèyàn fi abẹ gé e.

"Ta ló ṣe irú eléyìí?" ni ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"Èmi ni," ni àbúrò dáhùn. "Bàbá wa tó kọ́ mi ní gbogbo wáyà inú rẹ̀ ló fún mi ní mọ́tò yìí, lójú yín. Mo sọ̀rọ̀ títí pé kí ẹ má tà á, ẹ ò gbọ́ tèmi, àmọ́ àwọn tó fẹ́ rà á gbọ́ ti èéfín. Tí wọ́n bá so ó lónìí, màá tún gé e lọ́la."

Mẹkáníìkì so wáyà náà, èéfín sì dáwọ́ dúró. Kí ẹ̀gbọ́n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, àbúrò ti jókòó sí àyè awakọ̀. Ó sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n gbé yín délé, àbí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn?"