Fúrẹ́sì Fíìsì

"Fúrẹ́sì fíìsì nìkan ló kù, sà," ni obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn àfẹ́sọ́nà méjì kan nílé oúnjẹ ní Jàbí, ní Àbújá, wí.

Ọkọ àfẹ́sọ́nà bú sẹ́rìn-ín. "Fíìsì àbí fíìṣì? Jọ̀ọ́, tún un pè!" Ó gbé fóònù sókè, ó ń ká ohùn obìnrin náà sílẹ̀.

Ìríra mú ìyàwó àfẹ́sọ́nà débi pé itọ́ korò lẹ́nu rẹ̀. Fóònù tirẹ̀ náà dún. Ariwo pọ̀, ó bá fi sí sípíkà.

"Ọmọ mi, mo ti ra fúrẹ́sì fíìsì tí àlejò rẹ máa jẹ lọ́la o."

Ọkọ àfẹ́sọ́nà tún bú sẹ́rìn-ín. "Ta tún ni ará oko yìí?"

"Bàbá mi ni."

Ìyàwó àfẹ́sọ́nà bọ́ òrùka àdéhùn ọwọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú ife omi ọkùnrin náà.

"Dádì, ẹ dín ẹja náà. Èmi nìkan ni mò ń bọ̀."