Ẹni Tó Ń Jábọ́ Lẹ́ṣin fún Thad Corliss

Ẹ̀yin tí ìyìn ń dùn mọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán.

1.
Láyé ìgbà tí fíìmù kábọ́ì gbòde ní California, kò sẹ́ni tí kò mọ òṣèré Thad Corliss. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹṣin bá gbé e ṣubú nínú fíìmù, òun kọ́ ló ń jábọ́. Orrin, ẹ̀gbọ́n Lorena ìyàwó rẹ̀, ló ń wọ aṣọ rẹ̀, tó ń dé akẹtẹ̀ rẹ̀, tó sì ń fara gba ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, oníròyìn bi Thad pé, "Ta ló ń jábọ́ fún yín?"

"Fún mi kẹ̀? Eegun ara mi ni mo fi ń ṣe é!"

Inú bí Lorena nígbà tó kà á nínú ìwé ìròyìn. Orrin kàn rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀ jàre, àbúrò mi. Jẹ́ kó máa fọ́nnu."

2.
Níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù tuntun, ẹṣin yí lu Orrin. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìlú!" Lorena pariwo.

Thad fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àwọn oníròyìn kún ibẹ̀. Tí wọ́n bá rí aṣọ mi lọ́rùn ẹ̀, mo gbé. Dókítà kan wà lẹ́yìn òkè."

"Thad, ẹ̀gbọ́n mi ni o!"

"Mo mọ̀. Kò ní pẹ́."

Thad ló wa ọkọ̀. Kí ni Lorena fẹ́ ṣe? Ó gbé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan, ó ń wo ọ̀nà tí kò tán.

"Lorena, ṣé a ti dé?"

"Ó kù díẹ̀."

Kí wọ́n tó rí òrùlé dókítà, Orrin ti dákẹ́.

3.
Lorena kó jáde nílé Thad. Ẹbí rẹ̀ ló fà á lọ wo fíìmù náà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Àṣé wọn ò yọ ìṣubú yẹn kúrò! Bí ẹṣin ṣe yí báyìí, gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Thad náà dìde, omijé bo ojú rẹ̀. "Èmi kọ́! Orrin Pruitt ni! Ó ti kú! Èmi ni mo pa á!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe níwà ìrẹ̀lẹ̀!" Àtẹ́wọ́ tún wá le sí i.

"Òótọ́ ló ń sọ! Òótọ́ ni!" Lorena ń ké láti ẹ̀yìn títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

Thad kò lè gẹṣin mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì rí iṣẹ́ mọ́. Bó bá dárúkọ Orrin nílé ọtí, wọ́n á ní, "Bàbá Corliss, ẹ tún un ṣe ká rí i!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ẹ̀mí ọmọlọ́mọ ra orúkọ. Irọ́ tí ẹ fi ẹnu ara yín kọ́ àwọn èèyàn lè yè ju òótọ́ yín lọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.