Gálọ́ọ̀nù Ọ̀dà Méjì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá jókòó. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó o fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yẹn náà, máa bọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ yàrá kan àti gálọ́ọ̀nù ọ̀dà méjì ni, kò gùn rárá.

Kunlékunlé kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kòṣẹ́kù. Bó bá ti wọn yàrá tán, iye ọ̀dà tó bá dárúkọ ni yàrá náà máa mu. Kò ní ṣẹ́kù sínú agolo, ògiri ò sì ní bèèrè sí i.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyá aránṣọ ránṣẹ́ pè é. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, láti ìlú tó ti ń gun òpó iná jẹun láti ọdún mẹ́fà. Yàrá rẹ̀ ni kí wọ́n bá òun kùn.

Nígbà tí Kòṣẹ́kù wọlé, ìyá náà nà gbalaja lórí ẹní láàárín yàrá, ó ń wo òkè.

"Màmá, ó rẹ̀ yín ni?"

"Kò rẹ̀ mí. Mò ń wo ilé mi ni."

Ó dìde, ó yọ téèpù ìránṣọ kúrò lọ́rùn, ó ju etí kan sí i.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ fẹ́ ránṣọ fún ògiri ni?"

"Tí mo bá rán an, kò ní fún un lápá. Di etí yẹn mú."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Yàrá náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ó fẹ̀ ní mẹ́wàá, ó ga ní mẹ́wàá. Kòṣẹ́kù fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri. Ó ro ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó fi gíga sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ òjìlénírinwó. Ó kù kó yọ ilẹ̀kùn. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin! Ilẹ̀kùn yìí ti fẹ̀ sí i o. Ṣé ọmọ yín sanra tó báyẹn ni?"

"Káfíńtà ló fẹ̀ ẹ́ lánàá. Yọ ọ́ bó ṣe wà."

Ó yọ méjìdínlọ́gbọ̀n fún ilẹ̀kùn, ó yọ mẹ́rìndínlógún fún fèrèsé. Ó ku irínwó ó dín mẹ́rin.

"Gálọ́ọ̀nù kan máa kun ògiri lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló sì dára. Gálọ́ọ̀nù méjì nìyẹn."

"Àjà ńkọ́?"

"Àjà? Èyí tó bá kù lára búrọ́ọ̀ṣì la fi ń kùn ún."

"Gálọ́ọ̀nù méjì náà ni mo rà, àwọ̀ ojú ọ̀run ni. Kun ògiri lẹ́ẹ̀kan, kó o kun àjà lẹ́ẹ̀mẹta."

Kòṣẹ́kù gbé ẹfun sílẹ̀.

"Màmá, ọmọ yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan? Tó jẹ́ pé kẹ́ ẹ tó bu oúnjẹ ó ti fo ògiri sóde? Ìgbà wo ló máa ráyè wo àjà?"

Ìyá aránṣọ ń ká téèpù rẹ̀. Ó ká a títí ó fi le koko bí ìdérí ìgò.

"Àpá òjò tó wà láàárín yẹn," ó ní, "bò ó fún mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ọ́ nìyẹn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti parí."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ìyá náà wọkọ̀ lọ mú ọmọ rẹ̀ wá. Nígbà tí Kòṣẹ́kù ń ru àkàsọ̀ wọlé, bíríkìlà kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi sìmẹ́ǹtì sọ àtẹ̀gùn di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n ti gbé ibùsùn kan sáàárín gbùngbùn yàrá. Kòṣẹ́kù tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ríbi tẹsẹ̀ sí.

Ó kun ògiri lẹ́ẹ̀kan. Àwọ̀ àtijọ́ ń yọjú níbí, ó ń yọjú lọ́hùn-ún. Ó fẹ̀yìn rìn, ó wò ó. Àlejò tó bá wọlé, ògiri ló máa kọ́kọ́ rí. Ta ni wọ́n máa bú? Ó ṣí gálọ́ọ̀nù kejì, ó tún ògiri kùn, ó ń dán bí ojú omi. Nígbà tó kan àjà, ìsàlẹ̀ agolo ló kù. Ó bu omi lù ú, ó sì gun àkàsọ̀ lọ. Àpá òjò náà kò bò. Ó tún un kùn, kò bò. Ó gbọn agolo wò: kò ṣẹ́kù.

"Ta ló ń gbójú sókè nínú ilé ara rẹ̀?" ó ní. Ó dá ibùsùn padà sí àárín bó ṣe bá a, ó di ẹrù rẹ̀.

Lálẹ́ Àbámẹ́ta, àlejò kún pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Kòṣẹ́kù náà wọ aṣọ tí ọ̀dà ò tíì kàn rí, ó wá. Wọ́n ní ọmọ ti dé láti ọ̀sán, ó wà ní yàrá.

"Kó jáde wá kí wa jàre!" Àbúrò ìyá náà ló ń pariwo, ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ. "Àbí gígun òpó ti sọ ọ́ di ọ̀gá lórí wa? Èmi tí mo máa ń fi ọ̀pá lé e sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé!"

"Ọ̀nà ló rẹ̀ ẹ́," ìyá aránṣọ ní. "Ẹ jẹ́ ó sinmi." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún lọ gbé àga wá.

Ẹnì kankan ò fẹ́ lọ láìfojú kàn án. Ìtàn bí ìtàn, ẹ̀rín bí ẹ̀rín, títí ojú ọ̀run fi ń là.

Ìyá aránṣọ dìde. "Ó ti jí. Ẹ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tó jáde, ó ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà lọ sínú ìrì. Kòṣẹ́kù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń dẹtí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ògiri.

Òun ló wọlé kẹ́yìn, ó sì bá ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan ní ìdùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ohunkóhun ò mì lára rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ ò lè yí sọ́tùn-ún, kò lè yí sósì, ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀, wọ́n ń wo àpá òjò.