Ìwé Tí Kì í Gbọ́ràn

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ òǹkàwé Ìgbájọ kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Fadérera, àríyànjiyàn sì tún bẹ́ sílẹ̀.

"Awakọ̀ yẹn gbéyàwó níparí ìtàn," Ìyá Jọláadé ní.

"Irọ́ ńlá! Òkè òkun ló sá lọ," Baba Oyèyẹmí fèsì.

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ìwé orí ẹ̀rọ oníkálukú ló ń yí ìtàn padà bó ṣe wu ẹni tó ń kà á, débi pé wọn ò rí nǹkan kan jọ sọ mọ́. Wọ́n ti ń wí i pé kí ẹgbẹ́ tú ká.

Fadérera ò bá wọn jiyàn. Ó wọlé lọ gbé ìwé bébà kan jáde, ogún ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, kí kálukú ka ojú ewé kan sókè.

Ọwọ́ Baba Oyèyẹmí ni ìwé wà nígbà tí àìsàn dá ọmọ inú ìtàn náà dùbúlẹ̀. Baba fi ìka tẹ ojú ìwé náà, bó ṣe máa ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ nílé.

"Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó kú."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà kan ò mira.

"Baba, ẹ máa kà á lọ," Fadérera ní. "Èyí kì í gbọ́ràn."

Baba kà á. Ọmọ náà kú. Ìyá Jọláadé bú sẹ́kún, omijé sì gba ojú gbogbo wọn.

Baba wò yí ká, ẹnu yà á. "Ṣé ó kú lọ́dọ̀ ẹ̀yin náà?"

"Ó kú lọ́dọ̀ gbogbo wa, Baba!" Wọ́n pariwo tẹkúntẹkún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dì mọ́ra wọn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.