Ogójì Péré

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáhùn, kódà bí èmi fúnra mi bá pè yín!"

Olùkọ́ ti ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ́ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọ̀gá ilé ìwé ti kìlọ̀ fún un pé ogójì ọmọ péré ni alábẹ̀wò ìjọba gbọ́dọ̀ bá níjòókòó, torí òfin ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní kíláàsì kan.

Alábẹ̀wò wọlé, ó ka orí wọn. "Ogójì. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó wá nawọ́ mú rẹ́jísítà lórí tábìlì. Olùkọ́ ti gbàgbé láti gbé e pamọ́, orúkọ gbogbo wọn ló sì wà níbẹ̀.

"Ruqoyyah Sànúsí?"

Ariwo àwọn tó ń fọ́ òkúta lórí òkè Mpape nìkan ló ń dún.

"Kò wá lónìí, mà," olùkọ́ sọ.

Olùkọ́ ń gbàdúrà kí wọ́n ṣáà dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ ẹni keje nínú wọn kọjá, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló wá ń dẹ́rù bà á. Ruqoyyah, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́! Yàrá náà ò ní fèrèsé, páànù orí rẹ̀ sì ti gbóná janjan.

"Hafeez Yínúsà?"

Olùkọ́ ò mọ ìgbà tó sáré débi ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn.

"Hafeez! Ruqoyyah! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn!"

Ohùn tín-ín-rín kan jáde látinú yàrá.

"Àǹtí, àbí ẹ̀ ń dán wa wò ni?"