Ìdìmọ́ra Ẹnu Ọ̀nà

Eré orí ìtàgé kan wà tí àwọn ará àtijọ́ ò gbàgbé. Ọ̀rẹ́ méjì tó ti pínyà látìgbà èwe tún pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì dì mọ́ra. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti Kúkúrú ló ṣe é nígbà tí irun orí wọn ṣì dú. Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin olùdarí kan wá fẹ́ sọ eré náà di fíìmù, àwọn ọ̀dọ́ òṣèré méjì tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ wọn ló fẹ́ lò. Kí wọ́n ṣáà kun ẹfun sí wọn lórí, wọ́n ti dàgbà nìyẹn.

Obìnrin tó ń kun ojú òṣèré ló yí i lọ́kàn padà. Ọmọ Kúkúrú ni.

"Àǹtí, àbí ẹ ò gbọ́ ni? Bàbá mi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò kí ara wọn mọ́. Ó ti pẹ́."

"Haa! Kí ló fà á?"

"Kálukú ní òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."

Ojú olùdarí tàn. Ọ̀rẹ́ méjì tó jà ní tòótọ́, kí wọ́n wá dì mọ́ra níwájú kámẹ́rà! Ọ̀dọ́ wo ló fẹ́ sun irú ẹkún bẹ́ẹ̀? Ó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn: tí oòrùn bá wọ̀ tí wọn ò tíì dì mọ́ra, àwọn ọ̀dọ́ ló niṣẹ́. Àwọn bàbá náà ò sì tíì rí eré ṣe látìgbà tí gbọ̀ngán ìtàgé ti di ilé ìtajà.

Lọ́jọ́ náà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Kò pẹ́ tí Kúkúrú náà gba ọ̀nà kan náà wọlé, ó sì kẹ̀yìn sí i.

"Ta lẹ ní kí n dì mọ́?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi olùdarí. "Ẹni tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta yìí?"

"Ẹ bá mi sọ fún un," ni Kúkúrú fèsì, "pé ẹni tí ò lè jẹun kó má dà á sáyà ò gbọdọ̀ bú èèyàn."

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́," ni olùdarí bẹ̀ wọ́n. "Ìjà kì í dọlà, orúkọ ní í sọni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ké "Ṣé ìwọ nìyí?" débi pé ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ já nǹkan etí rẹ̀ sọnù. Kúkúrú sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tirẹ̀, ó wá dúró, ó ń retí ẹ̀rín bí ìgbà tó wà lórí ìtàgé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé wọ́n ti kú ni?" ló béèrè.

Wọ́n tún un ṣe títí, kò bọ́ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì ti dé, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń tẹ fóònù. Ikọ́ mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kúkúrú ti ki ọwọ́ bàpò, ó ti na súìtì ikọ́ sí i, kó tó rántí ara rẹ̀, tó jù ú sẹ́nu ara rẹ̀. Olùdarí rí i, inú rẹ̀ dùn. Ọkàn àgbà ti ń rọ̀ nìyẹn.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i," ló ní.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣílẹ̀kùn. Kò pariwo. Kúkúrú na apá sí i.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Kúkúrú pè é.

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, wọ́n fọn ikun sí ara wọn léjìká. Olùdarí gbàgbé láti ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ náà ń nu ojú. Àtẹ́wọ́ sọ, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa lọ sílé.

"Ẹ má jẹ́ kí èṣù tún wọ àárín yín mọ́," olùdarí kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

"A ó gbìyànjú," ni Kúkúrú wí.

Olùdarí ní kí ọkọ̀ gbé ẹnìkọ̀ọ̀kan délé rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn á fẹsẹ̀ rìn, ọ̀rọ̀ pọ̀ tí àwọn fẹ́ bá ara àwọn sọ. Olùdarí ń wò wọ́n lẹ́yìn títí wọ́n fi yà ní kọ́nà.

Nínú yàrá kan ṣoṣo tí àwọn bàbá méjèèjì ti jọ ń gbé látìgbà tí ìyàwó kálukú wọn ti kú, ọmọ Kúkúrú ti bu oúnjẹ wọn sínú àwo kan, ó sì ń rojọ́ pé ẹkún tòní yìí mà pọ̀ ju èyí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ fi dánra wò lọ.